Ògiri Tó Yẹ Kó Ṣí Lásìkò Ìkórè

Lọ́dún 1951, lórí òrùlé ilé kan ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Arthur D. Little ń tọ́jú omi kan tó ní àwọ̀ ewé nínú ọ̀rá títẹ́jú. Ohun tó wà nínú omi náà ni Chlorella, ewéko inú omi tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àjọ Carnegie ló gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí pẹ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣírò iye ènìyàn tí yóò wà láyé sì ń bẹ̀rù pé oúnjẹ kò ní kárí. Wọ́n wo Chlorella, ọkàn wọn balẹ̀. Bí a bá sá a gbẹ, purotéènì ló kó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ó ń pọ̀ sí i kánkán, kò sì béèrè ilẹ̀ ọlọ́ràá. Lọ́dún 1953, John Burlew ṣe àkójọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kan, ìròyìn sì tàn kálẹ̀ pé oúnjẹ ọjọ́ iwájú ti dé.

Kò dé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á. Owó tó ń bá iṣẹ́ náà lọ ju èyí tí wọ́n rò lọ, òórùn àti adùn rẹ̀ kò bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin sóyà àti àgbàdo sì ń kórè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti fi ṣáájú láti ìgbà náà. Chlorella ní ògiri. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni, síbẹ̀ ó fi ògiri líle yí ara rẹ̀ ká, ìfun ènìyàn kò sì ní ohun tó lè tú ògiri náà dáadáa. A ó gbé e mì tán, púpọ̀ nínú purotéènì tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ á sì gba ara wa kọjá láìṣe wá láǹfààní kankan. Lónìí, ẹni tó bá yẹ ike Chlorella wò nílé ìtajà yóò rí i pé ohun tí àwọn oníṣòwò sábà máa ń kọ gàdàgbà síbẹ̀ ni pé àwọn ti fọ́ ògiri rẹ̀. Ẹ̀rọ tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lọ̀ ọ́, owó iná ẹ̀rọ náà sì wà lórí ẹni tó ń rà á.

Ọ̀rọ̀ ògiri yìí ló jẹ mí lógún. Àwọn tó ń ṣe àtúnṣe irú ewéko omi tíntìntín wọ̀nyí fún ilé iṣẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní álígì, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí wọ́n sì fi ń ṣe ìyangàn jù ni ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì: epo ló pọ̀ sí i ni, tàbí purotéènì, tàbí àró pupa tàbí ti ọsàn. Èmi gbà pé ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ara ohun tó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Ọrọ̀ tí a kò lè mú jáde láìná ju iye rẹ̀ lọ kì í ṣe ọrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ògiri náà ṣe rí, nítorí kò rí bákan náà lára gbogbo wọn. Chlamydomonas, tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ jù lọ, fi purotéènì tí ṣúgà so mọ́ kọ́ ògiri tirẹ̀, kò sí sẹ́lúlóòsì, ohun líle tó wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko, níbẹ̀ rárá. Nannochloropsis kò ju ìdá méjì sí mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri onípele méjì ló ní: sẹ́lúlóòsì nínú, lóde rẹ̀ ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní algaenan. Lọ́dún 2014 ni Scholz àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àlàyé ògiri yìí jáde, wọ́n sì rí i pé sẹ́lúlóòsì ló kó nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Dáyátọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ fi sílíkà, ohun tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, ṣe èèpo. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, algaenan ló le jù. Ásíìdì kò ràn án, ọṣẹ olóró kò ràn án, ọdún kò ràn án pàápàá: àwọn onímọ̀ nípa òkúta ti rí i nínú àpáta tó ti wà láti ìgbà láéláé, lẹ́yìn tí gbogbo ohun tó kù lára álígì ti jẹrà tán. Irú ohun bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kí ìfun ẹja tàbí kẹ́míkà tí kò wọ́n bá wa ṣí.

Ẹni tí kò bá tíì rí bí wọ́n ṣe ń kórè álígì lè má mọ bí ìṣòro náà ti tó. Nínú adágún tí wọ́n fi ń gbìn ín, lítà omi kan sábà máa ń ní ìdajì gíráàmù sí gíráàmù kan péré nínú rẹ̀. Ìyókù omi ni. Wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń yí fírífírí ya omi kúrò lára rẹ̀, ohun tó kù á wá dà bí ata lílọ̀ tó ki. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ògiri ti ń dé. Àwọn kan máa ń fi agbára ńlá ti sẹ́ẹ̀lì gba ojú ihò tóóró kọjá kí ó lè bẹ́, àwọn kan ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, àwọn kan ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, àwọn kan sì ń fi iná mànàmáná lu ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn míì á kọ́kọ́ gbẹ ẹ́, gbígbẹ náà sì ń jẹ iná púpọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó da kẹ́míkà sí i láti yọ epo. Bó bá jẹ́ àró olówó ńlá ni ẹnì kan ń wá, ó lè rí èrè níbẹ̀. Bó bá jẹ́ epo ọkọ̀ tí yóò bá epo rọ̀bì figagbága lọ́jà ni, kí èrè tó yọ, iná tó jó lórí ògiri nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Ìtàn epo ọkọ̀ láti ara álígì gùn, mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣètò ìwádìí kan láti 1978 sí 1996, wọ́n kó irú álígì tó ju 3,000 lọ jọ láti inú omi oríṣiríṣi, wọ́n ń wá èyí tó lépo jù. Lọ́dún 2009, ExxonMobil kéde pé òun lè ná tó 600 mílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Synthetic Genomics lórí irú iṣẹ́ yìí. Ní 2017, wọ́n ní ìdí láti yọ̀: wọ́n dín agbára jíìnì kan kù nínú Nannochloropsis gaditana, epo inú rẹ̀ sì gòkè láti nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun tó lé ní 40, láìjẹ́ kí ìdàgbàsókè rẹ̀ rọlẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ takuntakun ni, mo sì kan sáárá sí wọn. Ní 2023, ìròyìn jáde pé ExxonMobil ti fi iṣẹ́ álígì sílẹ̀. Mi ò sọ pé ògiri nìkan ló lé wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé epo tó di ìlọ́po méjì náà ṣì wà lẹ́yìn ògiri sẹ́lúlóòsì àti algaenan kan náà, àwọn oníròyìn tó gbé ìdá 40 yẹn káàkiri kò sì béèrè iye tí yóò náni láti mú un jáde.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ yí jíìnì padà, ẹ wo àwọn tí Ẹlẹ́dàá kò fún ní ògiri líle. Lágbègbè Kanem, ní etí Adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu ti ń kórè Spirulina láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n á bu omi aláwọ̀ ewé náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da ohun tó kù sórí iyanrìn kí oòrùn gbẹ ẹ́, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ sọ́jà. Dihé ni wọ́n ń pè é, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi sè. Ní 1940 ni Pierre Dangeard, ará Faransé, kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ká sòótọ́, bakitéríà ni Spirulina nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni wọ́n ń tà á sí pẹ̀lú álígì. Kò sí ẹ̀rọ ìlọ̀ kankan nínú iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí, nítorí kò sí sẹ́lúlóòsì lára Spirulina: inú ènìyàn ń tú u bó ṣe wà. Mo gbà pé ìdí pàtàkì nìyí tí Spirulina fi di oúnjẹ ní Áfíríkà àti láàárín àwọn Aztec ní Mẹ́síkò, tí Chlorella sì ní láti dúró de ẹ̀rọ.

Dunaliella salina tún ń bẹ. Inú omi iyọ̀ ló ń gbé, kò ní ògiri líle rárá, awọ fẹ́lẹ́ ló fi bo ara. Bí oòrùn bá mú, tí iyọ̀ sì pọ̀, á kún fún beta-carotene, àró ọsàn tí ara wa ń sọ di fítámì A, tó fi jẹ́ pé ó lè tó ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀. Wọ́n ń sìn ín fún títà ní Hutt Lagoon ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, àti ní Ísírẹ́lì. Bí omi tí kò níyọ̀ bá kàn án, á wú, á bẹ́. Ní Japan, ilé iṣẹ́ Euglena bẹ̀rẹ̀ sí í sin álígì tó ń jẹ́ Euglena fún jíjẹ ní erékùṣù Ishigaki ní ìparí ọdún 2005. Òun náà kò ní ògiri sẹ́lúlóòsì, awọ tó rọ̀ ló ní.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Spirulina ń gbé inú omi tó korò bí omi eérú, Dunaliella ń gbé inú iyọ̀ tó lè pa ọ̀pọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ álígì kì í pọ̀ níbẹ̀, àwọn álígì mìíràn tí ì bá fún wọn pa kò lè gbé ibẹ̀. Bí mo ṣe rí i, ibùgbé wọn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ògiri ń ṣe fún àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ògiri kúrò lára álígì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ìdàkejì ni Haematococcus wà. Òun ni wọ́n ń tọ́jú ní Kona ní Hawaii, àti ní Ketura ní gúúsù Ísírẹ́lì, nítorí astaxanthin, àró pupa tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ ẹja salmon kí ẹran rẹ̀ lè pọ́n, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé mì fún ìlera. Bí nǹkan bá rọrùn fún un, àwọ̀ ewé ló ní, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ kò sì le. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ dù ú, tí wọ́n sì sá a sí oòrùn gbígbóná, yóò dẹ́kun lílúwẹ̀ẹ́, yóò ká ara rẹ̀ kò, yóò pọ́n. Ṣùgbọ́n ìyà kan náà tó ń mú kó pọ́n ló ń mú kí ògiri rẹ̀ nípọn, kó sì le koko. Bí àró bá ti pọ̀ tó ni ilẹ̀kùn ṣe ń tì tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ ọ kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì tó lè yọ àró náà.

Àwa tí a mọ ọ̀pẹ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ti fọ́ èkùrọ́ rí kí wọ́n tó sun ún ní àdín kò nílò àlàyé lórí iṣẹ́ tí èèpo líle ń fún ni ṣe. Oríṣi ọ̀pẹ mẹ́ta làwọn onímọ̀ kà: èyí tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ń pè ní dura, èyí tí kò léèpo, pisifera, àti èyí tí èèpo tirẹ̀ fẹ́lẹ́, tenera. Ní 1941, Beirnaert àti Vanderweyen, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò tó wà lábẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà, fi hàn pé jíìnì kan ṣoṣo ló ń darí ọ̀rọ̀ èèpo náà, àti pé bí a bá mú dura, tí a fi pisifera gbà á, tenera la ó bí. Tenera ń fúnni ní epo tó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti dura lọ, nítorí ẹran ara ẹyìn ló gba àyè tí èèpo fi sílẹ̀. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Benin láti 1939, tó di NIFOR lónìí, wà lára àwọn tó tan irú ọ̀pẹ yìí kálẹ̀ fún àgbẹ̀. Ní 2013 ni wọ́n wá rí jíìnì náà gan-an. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn nípa pisifera, èyí tí kò léèpo rárá, ni pé ó sábà máa ń yàgàn: ìdì rẹ̀ máa ń rà kó tó pọ́n. Èyí tó wúlò fún àgbẹ̀ ni èyí tó wà láàárín.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Chlamydomonas rí. Láti inú ilẹ̀ ìtòsí Amherst ní Massachusetts ni Gilbert Smith ti yọ irú èyí tí gbogbo ayé ń lò ní 1945. Ní 1971, Davies àti Plaskitt kọ̀wé lórí àwọn kan tí ògiri wọn ti bàjẹ́ nítorí ìyípadà jíìnì. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: àwọn tó ní ògiri tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ṣe ògiri ṣùgbọ́n tí kì í lẹ̀ mọ́ wọn lára, àti àwọn tí kì í ṣe ju ìwọ̀nba kín-ún lọ. Orúkọ cw ni wọ́n fún wọn, cw15 ló sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ó ṣì ń bẹ láàbù káàkiri ayé títí di òní.

Bí wọ́n ṣe ń dá irú wọn mọ̀ rọrùn, ó sì dùn mọ́ mi. Ọṣẹ ni. Bí ẹ bá kán ọṣẹ láàbù díẹ̀ sínú omi tí Chlamydomonas ológiri wà, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, torí ògiri kò jẹ́ kí awọ inú rẹ̀ tú ká. Èyí tí kò lógiri á yọ́ lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ ewé inú rẹ̀ á sì tú sínú omi. Bí àwọ̀ tó tú jáde bá ti pọ̀ tó la fi ń mọ iye sẹ́ẹ̀lì tí ògiri rẹ̀ kò pé. Ẹni tó bá fi ìtànṣán ultraviolet lu ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kí jíìnì wọn lè yí padà lè fi ọ̀nà yìí ṣa èyí tó ń wá nínú wọn, láìmú jíìnì ohun mìíràn wọ inú wọn.

Àìní ògiri ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún àwọn onímọ̀. Ní 1990, Karen Kindle fi hàn pé bí a bá da sẹ́ẹ̀lì tí kò lógiri pọ̀ mọ́ DNA àti ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́, tí a sì gbọ̀n ọ́n fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, DNA náà á wọlé. Kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi níbẹ̀. Lára ìran cw15 ni Neupert, Karcher àti Bock ní Golm, nítòsí Potsdam ní Jámánì, tún ti yọ irú kan tí wọ́n sọ ní UVM4 ní 2009. Ó ń ṣe purotéènì tí wọ́n bá fi jíìnì rẹ̀ sínú rẹ̀ dáadáa, ohun tí ọ̀pọ̀ Chlamydomonas máa ń kọ̀ láti ṣe. Nígbà tí ògiri kò sì dí ọ̀nà, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì bá tì síta lè bọ́ sínú omi tààrà, kí wọ́n sì kó o níbẹ̀ láìpa sẹ́ẹ̀lì.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá ti máa rí wọn nínú adágún ilé iṣẹ́ gbogbo. A kò rí wọn. Chlamydomonas tí kò lógiri ń yè nínú omi tí kò níyọ̀ ní láàbù nítorí ó ní àpò kékeré nínú tó ń fa omi àjùlọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi, tàbí ẹ̀rọ tó ń yí fírífírí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á bẹ́ kó tó dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á dà sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà omi, ta ni yóò sì tún kó o? Bakitéríà ni yóò jẹ ẹ́. Àwọn kòkòrò omi tó ń jẹ álígì pẹ̀lú á rí i jẹ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Adágún wà ní gbangba, òjò ń rọ̀ sí i, eruku ń fẹ́ sí i, kò sí ẹni tó lè tì í mọ́ bíi láàbù. Pisifera náà ni.

Nítorí náà, mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí a bọ́ ògiri náà dànù pátápátá. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ni ògiri tó ń dúró ṣinṣin nígbà tí álígì ń dàgbà, tó sì ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kórè. Kì í ṣe àlá lásán. Chlamydomonas fúnra rẹ̀ ń ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣe é nínú ayé rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tó bá bímọ. Sẹ́ẹ̀lì kan á dàgbà lọ́sàn-án, nígbà tó bá di alẹ́ á pín sí mẹ́rin, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ògiri ìyá wọn. Àwọn ọmọ á wá tú ẹ́ńsáìmù kan jáde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sporangin, tó ń gé ògiri ìyá, wọ́n á sì lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ògiri tiwọn kò ní bàjẹ́. Èkejì ni ìgbà ìbálòpọ̀. Bí náítrójìn bá tán nínú omi, sẹ́ẹ̀lì á yí padà di irú èyí tó lè bá ẹlòmíràn dàpọ̀. Nígbà tí irú méjèèjì bá fara kanra, ẹ́ńsáìmù mìíràn, gametolysin, tí wọ́n ti tọ́jú pa mọ́, á jí, á sì tú ògiri àwọn méjèèjì ká kí wọ́n lè di ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàbù ti mọ̀ ọ́n fún ìgbà pípẹ́: wọ́n á da irú méjèèjì pọ̀, wọ́n á ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, omi yẹn ni wọ́n á sì fi bọ́ ògiri lára sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n fẹ́ fi DNA sínú rẹ̀.

Ẹ wá ronú pé a gbé jíìnì ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àṣẹ mìíràn. Jíìnì wà nínú Chlamydomonas tó máa ń jí bí ooru bá gòkè lójijì, òmíràn wà tó máa ń jí bí bàbà bá tán nínú omi, òmíràn sì ń jí nígbà tí àmóníà bá tán tó wá ku náítréètì. Wọ́n ti mọ ibi tí àṣẹ wọ̀nyí wà lórí DNA, wọ́n sì ti lò wọ́n láti tan jíìnì mìíràn. Bí a bá so ẹ́ńsáìmù ògiri mọ́ ọ̀kan nínú wọn, álígì yóò dàgbà pẹ̀lú ògiri rẹ̀, yóò la ẹnu ẹ̀rọ já, yóò dé inú agbada ìkórè. Níbẹ̀ ni a ó ti mú omi gbóná díẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ olówó iyebíye ń fi agbára ṣe, álígì á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Èyí ni mo rí pé ó tọ́ kí owó ìwádìí tẹ̀lé.

Ìṣòro kù, mi ò sì fẹ́ fi pa mọ́. Gametolysin mọ ògiri Chlamydomonas, kò mọ sẹ́lúlóòsì. Fún Nannochloropsis tàbí Chlorella, kálukú gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, àwọn Chlorella pàápàá kì í jọ ara wọn. Síbẹ̀ ọ̀nà ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní 2013, Gerken àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán oríṣiríṣi ẹ́ńsáìmù wò lórí Chlorella vulgaris, wọ́n sì rí i pé lysozyme, ẹ́ńsáìmù tó wà nínú funfun ẹyin adìyẹ àti nínú omijé wa, ń ba ògiri rẹ̀ jẹ́. James Van Etten àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Nebraska sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń kọlu irú Chlorella kan. Fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí ń gbé ẹ́ńsáìmù dání tí wọ́n fi ń dá ògiri lu kí wọ́n tó rán DNA wọn wọlé, àwọn ọmọ wọn sì tún ń fọ́ ògiri jáde. Àwọn ọ̀tá Chlorella ti yanjú ohun tí ilé iṣẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún, ó kù ká kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Algaenan nìkan ni mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Fún àwọn tó ní in, bóyá ó sàn kí a wá jíìnì tó ń kọ́ ọ, kí a sì dín in kù, ju kí a máa wá ohun tí yóò fọ́ ọ lọ.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá ó léwu láti tú irú àwọn álígì bẹ́ẹ̀ sáyé. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní Nàìjíríà, òfin 2015 ló dá àjọ tó ń mójú tó ààbò lórí ohun ẹlẹ́mìí tí wọ́n yí jíìnì wọn padà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹni tó bá fẹ́ gbé irú wọn wá gbọ́dọ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé álígì tí ògiri rẹ̀ ti rọ̀ kò ní lè bá àwọn ológiri inú odò jà pẹ́ títí, àìlera tó ń dààmú ilé iṣẹ́ á sì dáàbò bo odò. Síbẹ̀, kí àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Ẹ bi àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nílẹ̀ wa: oúnjẹ ẹja ló ń jẹ ju ìdajì owó tí wọ́n ń ná. Álígì tí ìfun ẹja lè tú, tí a kò sì ní láti fi ẹ̀rọ lọ̀ kí a tó fún un, yóò wúlò fún wọn ju èyí tó kún fún purotéènì tí ògiri tì mọ́lé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ewéko àti nípa ẹja, omi wa kún fún álígì tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ògiri wọn wò. Mo rọ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè iye epo tó wà nínú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ọṣẹ láàbù, máíkróskóòpù àti iná ultraviolet tó fún ìpele àkọ́kọ́.